Ṣé kí ọmọ mi tọ ipa ẹsẹ̀ Kurt Warner?

Ìyá kan tó ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ló kọ̀wé ránṣẹ́. Ó ní ọmọkùnrin òun, ọmọ ọdún 17, ni quarterback ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama rẹ̀. Yunifásítì kékeré kan ti ṣèlérí láti fún un ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́. Yunifásítì ńlá kan, tí orúkọ rẹ̀ ń dún lórí tẹlifíṣọ̀n, náà ní kí ó wá, ṣùgbọ́n àpò àwọn òbí rẹ̀ ni owó ilé-ẹ̀kọ́ yóò ti jáde. Èyí tó lórúkọ ni ọmọ náà fẹ́. Ìyá rẹ̀ kọ ọ́ báyìí pé: "Bí a bá ti ń bá a sọ̀rọ̀, Kurt Warner ló máa ń fi dá wa lóhùn, pé ó ń to ọjà sórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù, lọ́jọ́ kejì ó gba Super Bowl. Bàbá rẹ̀ ní kí ó pa bọ́ọ̀lù tì, kí ó lọ kàwé. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni Kurt Warner yìí, ṣé òótọ́ ni ìtàn rẹ̀, ṣé ohun tí ènìyàn lè gbójú lé sì ni?"

Ìyá wa, mo kí yín, mo sì kí bàbá ilé. Mẹ́ta ni ìbéèrè tí mo kà nínú lẹ́tà yín. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni ìtàn tí ọmọ ń sọ, ẹ fẹ́ mọ irú ìgbésí ayé tí quarterback ń gbé, ẹ sì fẹ́ mọ èyí tí ẹ ó mú nínú yunifásítì méjèèjì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́, pàápàá àwọn tí òbí wọn ti ilẹ̀ wa wá, àwọn tó sì ti fi Kurt Warner dá mi lóhùn nínú wọn kò kéré. Òótọ́ ni ìtàn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ "lọ́jọ́ kejì" yẹn nìkan ni irọ́ ibẹ̀. Láti ìgbà tó ń to ọjà ní 1994 títí di ọjọ́ tó gba Super Bowl, ìyẹn eré àṣekágbá NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí jẹun, ó lé ní ọdún márùn-ún, ohun tó sì fi àwọn ọdún wọ̀nyẹn ṣe ló yẹ kí ọmọ yín máa bi wá léèrè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà nítorí bàbá, nítorí ẹni tí kò bá mọ eré yìí yóò rò pé àwọn géńdé kàn ń kọlu ara wọn lásán ni. Ènìyàn mọ́kànlá ló wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ìhà tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àǹfààní mẹ́rin láti gbé e síwájú ní yáàdì mẹ́wàá, bí wọn kò bá sì lè ṣe é, bọ́ọ̀lù ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìgbà ni bọ́ọ̀lù ń kọ́kọ́ bọ́ sí ọwọ́ quarterback. Òun ni ìyá ìlù láàárín wọn. Ohun tó bá sọ ni àwọn mẹ́wàá yòókù ń tẹ̀lé, bí ó bá sì ṣì í sọ, gbogbo agbo ló dàrú. Kí wọ́n tó ta bọ́ọ̀lù sí i, ó ti ní láti wo bí àwọn alátakò ṣe tò, kí ó mọ ẹni tó fẹ́ wá wó o àti ibi tí àyè yóò ti ṣí. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá dé ọwọ́ rẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá bíi méjì sí mẹ́ta ló ní láti wo ẹni àkọ́kọ́, ẹni kejì àti ẹni kẹta tó lè jù ú sí, kí ó sì jù ú síbi tí ẹni náà kò tíì dé, nígbà tí àwọn òmìrán tó wúwo ju 120 kìlógíráàmù lọ ń já bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ojú àti ọpọlọ fi ju apá lọ nínú iṣẹ́ náà, tí kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè mọ̀ ọ́n láìṣe é nínú ìdíje gan-an. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé quarterback kan ṣoṣo ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ń sáré gba bọ́ọ̀lù lè jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí pápá, wọ́n sì ń pààrọ̀ wọn nígbàkúùgbà, ṣùgbọ́n bí quarterback kan bá wà lórí pápá, àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ni.

Warner mọ ìjókòó yẹn dáadáa. Burlington, ní ìpínlẹ̀ Iowa, ni wọ́n ti bí i ní 1971, Cedar Rapids ló ti dàgbà, University of Northern Iowa ní Cedar Falls ló sì lọ, ilé-ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn tí tẹlifíṣọ̀n ń sáré tẹ̀lé. Síbẹ̀, níbẹ̀ náà, ipò kẹta ló wà láàárín àwọn quarterback, kò sì di ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ eré títí di ọdún tó lò kẹ́yìn, 1993. Ní ọdún kan ṣoṣo yẹn, wọ́n yàn án ní ẹni tó ta yọ jù lọ nínú àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù síwájú ní líìgì Gateway tí ilé-ẹ̀kọ́ wọn wà. Ẹ fi èyí sọ́kàn títí a ó fi dé orí ọ̀rọ̀ yunifásítì, nítorí ọmọ lè lọ síbi kékeré kí ó tún lọ jókòó síbẹ̀.

Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NFL ń yan àwọn ọmọ tuntun ní 1994, kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀. Green Bay Packers ní kí ó wá bá àwọn ṣe ìgbáradì, ó débẹ̀, ó bá Brett Favre, Mark Brunell àti Ty Detmer nínú ipò tó fẹ́ wọ̀. Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí ó máa lọ ilé. Steve Mariucci, tó ń kọ́ àwọn quarterback wọn nígbà náà, sọ fún un pé ẹ̀bùn wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì tó gbangba sùn lọ́yẹ́ ní NFL. Ó padà sí Cedar Falls, ó gba iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù Hy-Vee, ó ń to ọjà sórí pẹpẹ ní dọ́là 5 àti sẹ́ǹtì 50 fún wákàtí kan. Ohun tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń fò ni pé ní àkókò yẹn kan náà, ó ń ran àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá yunifásítì rẹ̀ lọ́wọ́. Owó oúnjẹ ló ń wá ní ṣọ́ọ̀bù. Bọ́ọ̀lù kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ rárá.

Ní 1995 ló wọ ẹgbẹ́ Iowa Barnstormers ní Des Moines, nínú líìgì Arena Football. Abẹ́ òrùlé ni wọ́n ti ń gbá èyí. Pápá rẹ̀ gùn ní yáàdì 50 péré, ìdajì ti NFL, ènìyàn mẹ́jọ ló wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ògiri tí wọ́n fi tìmùtìmù bò ló sì yí etí pápá ká, tó fi jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá gbá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kò ní ibi tí yóò yẹ̀ sí ju ara ògiri lọ. Nínú irú àyè tó há bẹ́ẹ̀, bí bọ́ọ̀lù bá pẹ́ lọ́wọ́ quarterback díẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọdún mẹ́ta ni Warner fi ń ju bọ́ọ̀lù níbẹ̀, kò sì jókòó. Wọ́n dé ìdíje àṣekágbá ní 1996 àti 1997, wọ́n pàdánù méjèèjì. Owó ibẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti NFL, àwọn ọlọ́lá inú eré náà kò sì ka líìgì yẹn sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Warner dé NFL, tí gbogbo ènìyàn ń yà lẹ́nu pé bọ́ọ̀lù ń yára kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ jù, ohun tó kọ́ lábẹ́ òrùlé yẹn ni wọ́n ń wò.

Ọ̀nà náà kò sì tẹ́jú lẹ́yìn ìyẹn. Ní 1997, Chicago Bears fẹ́ dán an wò, kòkòrò kan tí wọ́n fura sí pé aláǹtakùn ni bù ú jẹ ní ìgbọ̀nwọ́ apá tó fi ń ju bọ́ọ̀lù, nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́nu ìsinmi ìgbéyàwó wọn. Apá wú, ìdánwò bọ́. Ní ìparí ọdún náà, St. Louis Rams gbà á, wọ́n sì rán an lọ sí Amsterdam, ní ilẹ̀ Netherlands, kí ó lọ gbá fún ẹgbẹ́ Admirals nínú líìgì tí NFL dá sílẹ̀ ní Yúróòpù. Níbẹ̀ náà, òun ló ju bọ́ọ̀lù fún yáàdì tó pọ̀ jù lọ ní sáà 1998. Ó padà dé St. Louis, wọ́n fi í sí ipò kẹta, gbogbo ohun tó sì jù ní sáà NFL yẹn kò ju bọ́ọ̀lù 11 lọ, tí 4 nínú rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó jù ú sí. Nígbà tí wọ́n tún ẹgbẹ́ Cleveland Browns dá sílẹ̀ ní 1999, tí wọ́n ní kí wọ́n yan àwọn tí ẹgbẹ́ mìíràn lè yọ̀ǹda, orúkọ Warner wà nínú àwọn tí Rams yọ̀ǹda. Cleveland fò ó kọjá.

Trent Green ni Rams gbà láti jẹ́ quarterback wọn ní 1999. Ní oṣù kẹjọ, nínú eré ìgbáradì pẹ̀lú San Diego, Rodney Harrison kọlu orúnkún rẹ̀, iṣan orúnkún já, sáà Green parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Warner, ọmọ ọdún 28, ló kàn. Ó ju bọ́ọ̀lù fún yáàdì 4,353 àti touchdown 41, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó wọ ilé àwọn alátakò, ní sáà náà, Rams borí nínú eré 13 nínú 16, wọ́n sì yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní gbogbo NFL. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2000, ní Atlanta, wọ́n pàdé Tennessee Titans nínú Super Bowl. Àmì ayò jẹ́ 16 sí 16, ó ku bí ìṣẹ́jú méjì, Warner fẹ́ ju bọ́ọ̀lù gígùn sí Isaac Bruce, akẹgbẹ́ rẹ̀. Jevon Kearse ti Titans ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì gbá a bí bọ́ọ̀lù ṣe ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, bọ́ọ̀lù náà kò sì lọ jìnnà tó ibi tó yẹ. Bruce ló rí i pé kò ní dé, ó dẹ ẹsẹ̀, ó yí padà gbà á, ó sì sáré wọlé: yáàdì 73. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe borí ní 23 sí 16, lẹ́yìn tí Mike Jones ti Rams ti di ẹsẹ̀ Kevin Dyson ti Titans mú ní yáàdì kan sí ojú ilé ní ìgbà tó kẹ́yìn eré. Yáàdì 414 ni Warner jù lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó tíì ṣe irú rẹ̀ nínú Super Bowl rí nígbà náà.

Mo jókòó sórí eré kan yẹn nítorí pé inú rẹ̀ ni àṣìlóye ọmọ yín wà. Ó rò pé sùúrù ló gbé Warner débẹ̀. Sùúrù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúnkún ẹlòmíràn ló ṣí ilẹ̀kùn, Bruce ló sì sọ bọ́ọ̀lù tí kò gùn tó di ìṣẹ́gun. Marshall Faulk, Torry Holt àti Orlando Pace tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn tí ẹgbẹ́ mìíràn ì bá fi ohunkóhun wá. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù abẹ́ òrùlé bíi tirẹ̀, tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n jù, tí kò sí ẹni tí orúnkún rẹ̀ já níwájú wọn. A kò mọ orúkọ wọn. Orí ló mọ iṣẹ́ àṣelà, bí àwọn àgbà ṣe sọ, ṣùgbọ́n ohun tó wà ní ìkáwọ́ Warner ni pé nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, iṣẹ́ náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1994, bí Favre bá farapa, tí wọ́n sì ti Warner síwájú, mo rò pé ìtìjú ni ì bá gbé padà sílé. Àwọn ọdún Des Moines àti Amsterdam ló yàtọ̀.

Ẹ tún jẹ́ kí ó mọ apá tó kẹ́yìn, nítorí wọn kì í sọ ọ́ fún àwọn ọmọdé. Warner tún gba àmì ẹni tó dára jù lọ ní 2001, ó sì pàdánù Super Bowl sọ́wọ́ New England ní 20 sí 17. Lẹ́yìn èyí, ìka ọwọ́ rẹ̀ dá. Ní eré àkọ́kọ́ sáà 2003, bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, àyẹ̀wò sì fi hàn pé ọpọlọ rẹ̀ ti mì nínú agbárí. Marc Bulger gba ipò rẹ̀. Àdéhùn ọdún méje tó fọwọ́ sí ní 2000, tí owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 40 dọ́là, kò pé ọdún mẹ́rin tí wọ́n fi ní kí ó máa lọ, ní 2004. Owó tí àwọn oníròyìn ń kà jáde, ìyá wa, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dé àpò. Ìwọ̀nba tí àdéhùn bá fi dáni lójú nìkan ni agbábọ́ọ̀lù lè gbójú lé. Ó lọ sí New York Giants, wọ́n fi Eli Manning rọ́pò rẹ̀ kí sáà tó parí. Ó lọ sí Arizona Cardinals, wọ́n yan Matt Leinart láti gba ipò rẹ̀, ó jókòó, ó tún dìde, ó sì gbé ẹgbẹ́ tí kò dé Super Bowl rí dé ibẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2009, níbi tí Pittsburgh ti borí wọn ní 27 sí 23. Ní oṣù kìíní 2010, ní New Orleans, Bobby McCray gbá a ṣubú gan-an, kò sì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi kéde pé òun ti ṣíwọ́, ní ọmọ ọdún 38. Ní 2017 ni wọ́n gbé e wọ ilé àwọn akọni eré náà ní Canton, ìpínlẹ̀ Ohio.

Mo dárúkọ orí àti ọpọlọ lẹ́ẹ̀kan, n kò sì fẹ́ kí ó kọjá bẹ́ẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà, ohun tí mo bá sì sọ kò lè rọ́pò ti dókítà ọmọ yín. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé bí orí bá ń gba ìkọlù léraléra, ó lè fa àrùn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní CTE, èyí tó jẹ́ pé lẹ́yìn ikú nìkan ni wọ́n ti lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ dájú. Ọ̀rọ̀ yìí ba Warner fúnra rẹ̀ lẹ́rù tó fi sọ ní gbangba ní 2012 pé ọkàn òun kò balẹ̀ bí àwọn ọmọ òun bá ń gbá bọ́ọ̀lù náà, àwọn kan sì bú u pé ó ń tutọ́ sínú àwo tó ti jẹun. Bí ọmọ yín bá ti gbá orí mọ́lẹ̀ rí, tó wá ń ní orí fífọ́ tàbí tí kò lè fọkàn sí ìwé, tó sì ń fi pamọ́ kí wọ́n má baà yọ ọ́ kúrò lórí pápá, ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú ṣáájú ọ̀rọ̀ yunifásítì èyíkéyìí. Àwọn ọmọ máa ń fi pamọ́. Mo ti rí i.

Ní ti bí àyè ṣe há tó, ìṣirò NCAA, àjọ tó ń bójú tó eré ìdárayá àwọn yunifásítì, ni pé nínú àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù yìí ní yunifásítì tí àkókò àtiyàn wọn sì tó, àwọn tí NFL ń yàn kò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹgbẹ́ 32 ló wà, ìyẹn ni pé àyè quarterback tó ń bẹ̀rẹ̀ eré kò ju 32 lọ. Orúkọ wa kò ṣàì sí ní NFL. Olu Fashanu, tí New York Jets yàn ní ipò 11 ní 2024, ń dáàbò bo quarterback; iṣẹ́ Adetomiwa Adebawore ti Indianapolis Colts ni láti wó quarterback àwọn alátakò; Paulson Adebo a sì máa já bọ́ọ̀lù tí quarterback jù sí ẹlòmíràn gbà. Gbogbo wọn ń yí quarterback ká, kò sí èyí tó jẹ́ quarterback nínú wọn.

Wàyí o, yunifásítì méjèèjì. Ọmọ tó bá lọ sí èyí tó lórúkọ láìsí ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́, kì í ṣe wèrè. Kade, ọmọ Warner gan-an, lọ sí Nebraska lọ́nà bẹ́ẹ̀, ó sì padà rí ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ gbà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Kade ń sáré gba bọ́ọ̀lù ni, mo sì ti sọ pé àwọn wọ̀nyẹn pọ̀ lórí pápá. Quarterback tó wọlé lọ́nà yìí yóò bá àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ilé-ẹ̀kọ́ ń náwó lé lórí, wọn yóò sì tún mú òmíràn wá lọ́dún tó ń bọ̀. E.J., àbúrò Kade, ni quarterback ní tirẹ̀, ibi tó ti lè wọlé gbá bọ́ọ̀lù ló sì ń tẹ̀ lé: Temple ló ti bẹ̀rẹ̀, ó lọ sí Rice níbẹ̀ ní Houston yín, ó sì tún kọjá sí Fresno State. Láti 2021 ni òfin ti gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti kúrò ní yunifásítì kan sí òmíràn kí ó sì máa gbá bọ́ọ̀lù lójú ẹsẹ̀. Bí mo bá jẹ́ ọmọ yín, Cam Ward ni n bá máa fi dá òbí mi lóhùn dípò Warner. West Columbia, tí kò jìnnà sí yín, ló ti wá. Àwọn yunifásítì ńlá kò wò ó lójú, ó lọ sí Incarnate Word ní San Antonio, ilé-ẹ̀kọ́ kékeré tó fún un ní pápá, ó bọ́ sí Washington State, ó bọ́ sí Miami, Tennessee Titans sì fi í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn ní gbogbo NFL ní 2025. Òun náà jẹ́ ẹnì kan láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀, ẹ má jẹ́ kí a tún fi í ṣe ìlérí.

Nítorí náà, èyí tó fún un ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ni mo fara mọ́, bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ tí ọmọ fẹ́ kà níbẹ̀. Bàbá kò ní láti bínú sí èyí, nítorí kò sí ohun tó sọ pé kí a yan ọ̀kan nínú ìwé àti bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù ló ń san owó ìwé náà. Ohun tí mo fi ń bẹ bàbá ni kí ó má sọ ọ́ di ìjà, nítorí ọmọ ọdún 17 tí wọ́n bá gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ ní tipátipá lè fi ìbínú kàwé tàbí kí ó má kà á rárá. N kò rí i kí ó ju bọ́ọ̀lù, n kò sì lè sọ fún yín bóyá ó mọ̀ ọ́n. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí kò ní ohun tó fẹ́ tà fún yín ni kí ẹ bi léèrè, kì í ṣe àwọn tó ń gba owó gọbọi láti kọ́ ọmọ ní ìparí ọ̀sẹ̀.

Ẹ kọ̀wé sí yunifásítì kékeré náà kí ọmọ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ẹ bi wọ́n bóyá gbogbo owó ni ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ náà kárí tàbí apá kan, bóyá ọdún kan ni tàbí títí yóò fi jáde, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i bí ọmọ bá farapa tí kò lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́, àti ẹni tí yóò san owó ìtọ́jú. Ẹ bi wọ́n iye quarterback tó wà níbẹ̀ àti ọdún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà. Ẹ ní kí wọ́n fi ìdáhùn ránṣẹ́ lórí ìwé, kí ẹ sì bi yunifásítì ńlá náà ní ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn níṣojú ọmọ, kí òun fúnra rẹ̀ ka iye ènìyàn tó wà níwájú rẹ̀.